Àgbá kan, èèyàn márùn-ún: bí ẹ ṣe máa kó àwọn ọmọ ogun àgbá oníke ti Waterloo jọ

Ọmọ ogun oníke tó dá dúró kì í fi bẹ́ẹ̀ fa wàhálà: ẹ kùn ún, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, ó parí. Ti àgbá kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló yí i ká, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sì so mọ́ ti ẹnì kejì rẹ̀. Ohun tó máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jù kì í ṣe ọ̀dà tí kò jọjú, àsìkò tí kò bára mu ni. Ẹ ó rí i tí ọ̀kan ṣì ń ti ọ̀pá bọ ẹnu àgbá, tí èkejì sì ti ń fi iná kan ìdí rẹ̀. Lójú ogun gidi, ẹni tó di ọ̀pá yẹn mú ti bá a lọ nìyẹn.

Àgbá tí a máa lò níbí ni ti Royal Artillery, àwọn ọmọ ogun àgbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oní-pọ́n-ùn 9 ni wọ́n ń pè é, nítorí ìwọ̀n ọta tó ń yìn. A máa ṣe é bó ṣe rí ní ogun Waterloo, tí Gẹ̀ẹ́sì bá Faransé jà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, ọdún 1815. Woolwich ni wọ́n ti dá Royal Artillery sílẹ̀ ní 1716, ilé tí wọ́n ti ń rọ àgbá níbẹ̀, Royal Brass Foundry, sì ṣì dúró títí di òní. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí dáadáa, lè fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó.

Ìwọ̀n tí a ń lò ni 1/72, ìyẹn ni pé ohun tó gùn ní 72 mm ní gidi á di 1 mm. Ọkùnrin tó ga ní mítà 1.7 á jẹ́ nǹkan bíi 23.6 mm. Ihò ẹnu àgbá, tó fẹ̀ ní nǹkan bíi 107 mm, kò ní ju 1.5 mm lọ. Wíìlì kẹ̀kẹ́ àgbá náà ga ní nǹkan bíi mítà 1.5, á sì jẹ́ 21 mm. Ẹ gbé wíìlì tó wà nínú páálí ọmọ ogun tí ẹ rà sí ẹ̀gbẹ́ èèyàn kan nínú wọn: ó yẹ kó dé àgbọ̀n rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbàdí ló dé, kẹ̀kẹ́ náà kéré jù, ọ̀dà kankan ò sì lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ Airfix, Italeri àti HäT ti ṣe irú àwọn ọmọ ogun yìí ní ike rírọ̀. Ẹ wo orí wọn kí ẹ tó ra ọ̀dà. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ máa ń dé fìlà gíga tí iwájú rẹ̀ yọ sókè. Àwọn ẹlẹ́ṣin, Royal Horse Artillery, ń dé àṣíborí tí irun dúdú gùn lórí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ogbe àkùkọ. Àwọn ẹlẹ́ṣin náà lo oní-pọ́n-ùn 9 ní Waterloo, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní G Troop, tí Cavalié Mercer darí, wà lára wọn, nítorí náà ẹ lè lo èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ má ṣáà da orí méjèèjì pọ̀ sídìí àgbá kan.

Ẹ kọ́kọ́ yan àsìkò

Kí ẹ tó mú abẹ, ẹ mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. A máa fún wọn lórúkọ kí ọ̀rọ̀ má baà gùn.

Ẹ ṣe bí ẹni tó dúró lẹ́yìn àgbá, tó kọjú síbi tí ẹnu rẹ̀ kọ sí. Anu-àgbá wà lápá ọ̀tún, nítòsí ẹnu àgbá. Òun ló di ọ̀pá gígùn mú: awọ àgùntàn wà ní orí kan, èyí tó máa ń ti bọ omi kó tó fi nu inú àgbá, orí kejì jẹ́ igi rìbìtì tó fi ń ti ẹrù wọlé. Aki-ẹ̀tù dojú kọ ọ́ lápá òsì, òun ló ń fi àpò ẹ̀tù àti ọta sẹ́nu àgbá. Adíhò wà lápá ọ̀tún, nídìí àgbá. Ihò tín-ín-rín kan wà lókè ibẹ̀ tí iná ń gbà wọlé, àtàǹpàkò tó fi awọ bò ló fi ń dí i. Atanná wà lápá òsì ìdí àgbá pẹ̀lú ọ̀pá iná. Ọ̀gá wọn wà lẹ́yìn, níbi ìrù kẹ̀kẹ́, ìyẹn igi gígùn tó nà sẹ́yìn kan ilẹ̀, òun ló ń fojú wọn ibi tí ọta máa lọ. Yàtọ̀ sí àwọn márùn-ún yìí, àwọn kan máa ń gbé ẹ̀tù wá láti ẹ̀yìn nínú àpò awọ.

Ìdí tí Adíhò fi ṣe pàtàkì ni pé tí ihò yẹn bá ṣí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ti ọ̀pá wọlé, afẹ́fẹ́ á gba inú àgbá kọjá bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń fi ẹwìrì fẹ́ná. Ẹ̀ṣẹ́ná tó ṣẹ́kù nínú á jí, ẹ̀tù tuntun á gbiná, ọ̀pá àti apá tó dì í mú á sì bá a jáde. Torí náà, níbikíbi tí ọ̀pá bá ti wà nínú ẹnu àgbá, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà lórí ihò. Òfin kan ṣoṣo tí kò ní àyàfi nìyí.

Lẹ́yìn tí ẹrù bá ti wọlé, Adíhò á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún àpò ẹ̀tù láti inú ihò náà, á ki ọ̀pá ìyẹ́ ẹyẹ tí ẹ̀tù kún inú rẹ̀ sí i, á sì yẹra. Ọ̀gá á pàṣẹ, Atanná á na ọ̀pá iná kan án, àgbá á dún, gbogbo kẹ̀kẹ́ á sì sáré padà sẹ́yìn. Wọ́n á tún tì í síwájú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ lè ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan.

Nínú gbogbo èyí, àsìkò méjì ló rọrùn láti fi ike ṣe.

Èkíní ni kíkì. Anu-àgbá ń ti ọ̀pá wọlé, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ wíìlì, ara rẹ̀ kò sí níwájú ẹnu àgbá rárá. Adíhò tẹ̀ síwájú, ó tẹ ihò mọ́lẹ̀. Aki-ẹ̀tù ti yí padà láti gba ẹrù mìíràn. Atanná jìnnà sẹ́yìn, ọ̀pá iná rẹ̀ kọ orí sílẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀tù.

Èkejì ni yínyìn. Atanná na apá, ojú rẹ̀ yí kúrò. Gbogbo àwọn yòókù wà lóde wíìlì, ọ̀pá Anu-àgbá dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí àtàǹpàkò kankan lórí ihò, kò sì sí ẹni tó dúró lẹ́yìn ìrù kẹ̀kẹ́.

Àwọn tó ń ṣe páálí yìí sábà máa ń da ìdúró àsìkò méjèèjì pọ̀ sínú páálí kan. Ẹ tú gbogbo wọn sórí tábìlì, ẹ pín wọn sí òkìtì méjì: àwọn tó ń kì lápá kan, àwọn tó ń yìn lápá kejì. Bí páálí bá ní àgbá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgbá kọ̀ọ̀kan á ní àsìkò tirẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbá kan ṣoṣo, ẹ mú kíkì, nítorí Atanná tó na apá ṣeé tún ṣe: ẹ gé apá rẹ̀ ní èjìká, ẹ yí i kọ sí ilẹ̀, ẹ fi wáyà kan án padà, kí ẹ sì gbé e sí nǹkan bíi 20 mm lẹ́yìn wíìlì. Ẹni tó bá ṣẹ́ kù tí kò bá èyíkéyìí mu á di ẹni tó ń gbé àpò ẹ̀tù.

Ohun èlò

Abẹ tuntun méjì, àlùmọ́gàjí kékeré, ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́, dírìlì ọwọ́ pẹ̀lú ẹnu 0.5 mm, 0.8 mm àti 1.5 mm, wáyà idẹ 0.5 mm àti 0.8 mm, sáńpépà tó kúná, súpágúlù, gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta (nọ́ńbà 0, 1 àti 2) àti búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí kò sí ohun tí ẹ tún fẹ́ fi ṣe. Ọ̀dà olómi, èyí tí wọ́n ń pè ní akírílíìkì, ló dára jù: dúdú, funfun, búlúù dúdú, búlúù lásán, pupa, ìyeyè, àwọ̀ eérú, búráùn méjì, àwọ̀ ara òyìnbó, àti idẹ. Ẹ fi ìdérí ìgò ṣe àtẹ́lẹsẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀ ló máa mú ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan dúró lórí ìdérí tirẹ̀, ọwọ́ yín ò sì ní kan ọ̀dà mọ́ títí iṣẹ́ fi parí.

Fífọ̀, gígé, títọ́

Ẹ fọ gbogbo férémù náà, ìyẹn ọ̀pá ike tí àwọn ọmọ ogun so mọ́ nínú páálí, kí ẹ tó gé ohunkóhun. Òróró díẹ̀ máa ń wà lára ike láti inú mọ́lì tí wọ́n ti dà á, ọ̀dà kì í sì í lẹ̀ mọ́ òróró. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ọṣẹ ìfọbọ́ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ìkọ̀kọ̀ ẹsẹ̀ àti abẹ́ apá, ẹ ṣan án nínú omi mímọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú.

Ike tó ń tẹ̀, tó sì ń padà sípò bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ni ike rírọ̀. Ẹ má fi abẹ họ ìlà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí apá méjì mọ́lì ti pàdé, irun ni yóò hù. Gígé ni kí ẹ gé e, pẹ̀lú abẹ tuntun, ní ìwọ̀nba tẹ́ẹ́rẹ́, kí abẹ máa lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láì padà. Ti ike líle yàtọ̀: ìyẹn ṣeé họ, ṣeé fi sáńpépà yún. (Victrix ń ṣe ike líle ní ìwọ̀n 28 mm. Gọ́ọ̀mù ike tó ń yọ́ ojú ike náà ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, kì í fa wàhálà rárá, ó kàn gbówó lórí ni.)

Ọ̀pá Anu-àgbá máa ń tẹ̀ nínú páálí. Ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní híhó sínú kọ́ọ̀bù, ẹ fi ẹ̀mú mú ọmọ ogun náà lẹ́sẹ̀, ẹ ti ọ̀pá náà bọ omi fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, ẹ fi ọwọ́ nà án, kí ẹ sì tì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Omi tútù ló máa dì í mú. Ẹni tó bá gbàgbé omi tútù, ọ̀pá á ti padà tẹ̀ kó tó di àárọ̀.

Àwa fúnra wa kì í fi ọ̀pá ike sílẹ̀ mọ́. Ó máa ń mì bí ẹnì kan bá gbé àgbá náà, ọ̀dà á sì ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo. Ẹ gé e kúrò láàárín ọwọ́ méjèèjì, ẹ fi dírìlì gún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ki wáyà 0.8 mm gba inú wọn kọjá. Báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó? Àgbá náà fúnra rẹ̀ gùn ní nǹkan bíi mítà 1.8, ìyẹn 25 mm ní ìwọ̀n tiwa. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, kó sì tún ṣẹ́ kù tí ọwọ́ máa dì mú, nítorí náà 32 mm ni kí ẹ gé. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun kán orí kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó gbẹ láàárín, títí á fi wú di awọ àgùntàn. Kó má fẹ̀ ju 1.5 mm lọ, torí pé ẹnu àgbá ló máa wọ̀. Ẹ fi ègé férémù kékeré ṣe orí kejì.

Lílẹ̀

Súpágúlù nìkan kì í mú ike rírọ̀ dáadáa. Á dà bíi pé ó mú, àmọ́ bí ẹ bá fi ìka ta á, á já. Ibi gbogbo tí ẹ bá ti gé tàbí tí ẹ fẹ́ so pọ̀, ẹ fi dírìlì gún apá méjèèjì ní 3 mm, ẹ ki wáyà 0.5 mm gígùn 5 mm sínú wọn, kí súpágúlù tó kàn án. Wáyà ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Gọ́ọ̀mù kàn ń dí àlàfo ni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn náà bí ẹ bá ti gé àtẹ́lẹsẹ̀ ike wọn kúrò.

Bí súpágúlù bá pọ̀ jù, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, oòru rẹ̀ á sọ ike di funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ lo orí igi ìtayín dípò ẹnu ìgò. Funfun tó bá ti mú, ọ̀dà á bò ó, àmọ́ tó bá jẹ́ lẹ́yìn kíkùn ló ṣẹlẹ̀, fáníìṣì nìkan ló lè gbà yín.

Kẹ̀kẹ́

Wíìlì àtijọ́ kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó rí bí àwo: sípóòkù rẹ̀ ń na orí síta láti họ́ọ̀bù. Ẹ̀gbẹ́ tó jin ló máa kọjú sóde, sí ẹni tó ń wò ó. Ó yani lẹ́nu bí èyí ṣe pọ̀ tó tí wọ́n fi ẹ̀yìn síwájú, torí pé ihò họ́ọ̀bù máa ń gba ọ̀pá lápá méjèèjì, kò sì sí ohun tó ń kìlọ̀. Ẹ fi wọ́n sí i láì tíì lẹ̀ wọ́n, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà sórí dígí. Wíìlì méjèèjì àti ìrù gbọ́dọ̀ kan dígí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kẹ̀kẹ́ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ihò kan ti tẹ̀. Omi gbígbóná ni kí ẹ tún lò, kì í ṣe gọ́ọ̀mù.

Ìrù kẹ̀kẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì yìí jẹ́ igi kan ṣoṣo tó nípọn, kì í ṣe igi méjì tó lọ lọ́gbọọgba bíi ti àwọn Faransé. Bí páálí yín bá ní igi méjì, kẹ̀kẹ́ Faransé ni wọ́n fi sí i. Ọ̀pá ìdarí kan máa ń wà ní òpin ìrù, tí wọ́n fi ń yí àgbá sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ní àsìkò yínyìn, kí ẹnikẹ́ni má di í mú.

Ẹnu àgbá oníke sábà máa ń dí. Ẹ fi orí abẹ sàmì sí àárín gan-an, ẹ fi dírìlì 0.5 mm gún un, kí ẹ wá fi ẹnu 1.5 mm gbẹ́ ẹ jìn ní 4 mm ó kéré tán. Láìsí èyí ọ̀pá Anu-àgbá ò ní rí ibi wọ̀.

Ọ̀dà àkọ́kùn

Lórí ike rírọ̀, ohun tí a fẹ́ ni awọ tó lè tẹ̀ pẹ̀lú ike. Ẹ po gọ́ọ̀mù funfun ìdá 1 mọ́ omi ìdá 1, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 2 kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí ọmọ ogun náà ká, ẹ yọ èyí tó bá pé jọ sáàárín ẹsẹ̀ kúrò. Á gbẹ di awọ tó mọ́ gaara. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ẹ kun àwọ̀ eérú lé e.

Àwọn míì fẹ́ràn ọ̀dà fífín. Kò burú, bó bá jẹ́ irú tí wọ́n ṣe fún ike: 20 sí 25 cm ni kí ẹ jìnnà sí i, kí ẹ máa fín in ní ṣókí-ṣókí, níta, pẹ̀lú ìbòmú. Bí ẹ bá jìnnà jù, ọ̀dà á ti gbẹ lójú ọ̀nà, ara ọmọ ogun á sì rí gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́ bíi yanrìn. Bó bá jẹ́ ọjọ́ òjò, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Kíkùn

Ẹ lọ láti inú sí òde: ara kí ó tó kan ẹ̀wù, ẹ̀wù kó tó kan bẹ́líìtì. Ọ̀dà ìdá 2, omi ìdá 1. Ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan nípọn lọ, torí pé èyí tó nípọn máa dí bọ́tìnnì àti ìka.

Ẹ̀wù wọn jẹ́ búlúù dúdú, bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá lo búlúù dúdú yẹn gẹ́lẹ́ lára ohun tó ga ní 24 mm, ojú á rí i bíi dúdú pátápátá. Ẹ po ìdá 3 rẹ̀ mọ́ ìdá 1 búlúù lásán fún gbogbo ẹ̀wù. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi búlúù dúdú tó kún fún omi sí ìkọ̀kọ̀ apá àti ẹ̀yìn, kí ẹ wá fi ìdá 1 sí ìdá 1 kun èjìká, ìgúnpá àti etí ẹ̀wù. Ibi mẹ́ta péré; ẹ má lọ kun gbogbo rẹ̀.

Ọrùn ẹ̀wù àti etí ọwọ́ jẹ́ pupa. Okùn ìyeyè lọ ní ìbú àyà, láti bọ́tìnnì dé bọ́tìnnì. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọwọ́ lò: wọ́n á fẹ́ fa ìlà kọ̀ọ̀kan tọ́ gún régé, yóò sì nípọn bí okùn ìdákọ̀ró. Ẹ kun gbogbo ibi tí okùn wà ní búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wá fi orí búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 0, tí ọ̀dà ìyeyè díẹ̀ péré wà lára rẹ̀, kan orí ìlà tó yọ sókè, kí búrọ́ọ̀ṣì dùbúlẹ̀, kó má dúró. Ibi tó yọ ló máa gba ọ̀dà.

Ṣòkòtò jẹ́ àwọ̀ eérú. Bẹ́líìtì funfun: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eérú tó fẹ́ di funfun, kí ẹ tó fi funfun gan-an fa àárín rẹ̀. Fìlà dúdú, ìyẹ́ funfun lórí rẹ̀. Ti àwọn ẹlẹ́ṣin, àṣíborí dúdú pẹ̀lú irun dúdú, ìyẹ́ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò.

Lẹ́yìn náà, ẹ ba ohun tí ẹ kùn dáadáa jẹ́ díẹ̀. Ẹ̀tù dúdú ń dọ̀tí gan-an. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ mú dúdú díẹ̀, ẹ nù ún sórí ìwé títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kùn mọ́, ẹ wá fi kan ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti bẹ́líìtì Anu-àgbá àti Aki-ẹ̀tù. Àwọn méjì yìí ló sún mọ́ ẹnu àgbá jù. Àtàǹpàkò Adíhò náà gbọ́dọ̀ dúdú. Ọ̀gá wọn lè mọ́.

Igi kẹ̀kẹ́ jẹ́ àwọ̀ eérú, irin ara rẹ̀ dúdú. Ẹ kun gbogbo rẹ̀ ní eérú, ẹ fi eérú tó fẹ́ di funfun gba etí igi fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tó kan irin. Àwọ̀ ewé olifi tí ẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ àwòrán, ti Faransé nìyẹn.

Àgbá náà: Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní idẹ, àmọ́ bàbà ni nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀, tin ni ìyókù. Torí náà kì í tàn bíi wúrà. Búráùn pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, kí ẹ fi idẹ lé e, kí ẹ da omi búráùn sí i, kí ẹ sì fi idẹ gba òkè rẹ̀ nìkan nígbà tó bá gbẹ. Inú ẹnu rẹ̀ dúdú kirikiri. Àyíká ihò iná náà dúdú, bí ìka tó kan ìkòkò.

Iná wá jẹ́ oríṣi méjì, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀. Okùn iná máa ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí igi tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àgbá: orí rẹ̀ pupa ṣíṣú, eérú funfun yí i ká, kò ní ahọ́n iná. Ọ̀pá iná ti ọwọ́ Atanná jẹ́ bébà tí wọ́n ká, tí wọ́n sì ki ẹ̀tù àdàlú sí, láti ara okùn iná ni wọ́n sì ti ń tàn án. Ìyẹn ń jó gidi: ìyeyè lórí 2 mm ìkẹyìn, funfun gan-an ní ṣóńṣó, àti ìyeyè díẹ̀ lára ìka tó sún mọ́ ọn.

Pákó àti ẹrẹ̀

Pákó 60 mm ní ìbú, 90 mm ní gígùn, 3 mm ní nínípọn, tó fún àgbá kan àti èèyàn márùn-ún. Ẹ gbé àgbá síwájú pákó, kí ó ṣẹ́ kù ní 25 mm lẹ́yìn ìrù. Ibẹ̀ ni àgbá ń sáré padà sí, ó sì gbọ́dọ̀ ṣófo.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ogun náà, ilẹ̀ rọ̀, ọkà ráì tó ga tẹ́lẹ̀ ti wó lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ po gọ́ọ̀mù funfun, iyanrìn tí ẹ fi asẹ́ sẹ̀ àti ọ̀dà búráùn di ẹrẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ ní 2 mm. Kó tó gbẹ, ẹ mú wíìlì tí ẹ kò lò, tàbí owó ẹyọ kan, ẹ fi tẹ ipa méjì láti abẹ́ wíìlì lọ sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n má tọ́ jù, torí pé gbogbo ìgbà tí àgbá bá dún ló ń padà, tí wọ́n sì ń tì í bọ̀. Ipa níwájú wíìlì kò gbọdọ̀ ju 3 mm lọ. Ẹ ti ẹsẹ̀ wọn bọ ẹrẹ̀ náà nígbà tó ṣì rọ̀. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ bí ẹyẹ lórí wáyà kì í jọ ẹni tó ń ti ohun tó wúwo. Ẹrẹ̀ kan náà, tí ẹ fi omi là, ni kí ẹ fi kan ríìmù wíìlì àti ṣòkòtò dé orúnkún.

Fún àsìkò yínyìn, ẹ lè fi èéfín sí i. Ìró ò ṣeé kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìró ni wọ́n fi sọ ogun Kírìjì lórúkọ, àmọ́ òwú ṣeé ta. Ẹ ta òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí wáyà 30 mm ká, kó tín-ín-rín níbi ẹnu àgbá, kó wú síwájú, kí ẹ sì fi ẹyọ kékeré kan sórí ihò iná pẹ̀lú. Funfun ni èéfín ẹ̀tù. Èyí tí wọ́n kùn ní dúdú jọ ilé tó ń jó. Eérú díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tó.

Fáníìṣì

Fáníìṣì tí kò dán, ẹ̀ẹ̀mejì, kí wákàtí 24 wà láàárín wọn. Bó bá di kùrukùru lójú ọmọ ogun, omi inú afẹ́fẹ́ ló fà á. Ẹ dúró de ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, ẹ tún un fín fẹ́lẹ́, á sábà mọ́ padà.

Ìgbà tí èyí bá gbẹ ni kí ẹ tó mú fáníìṣì tó ń dán. Ẹ̀kán kan sínú garawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Anu-àgbá, ẹ̀kán kan sínú ipa wíìlì tí omi òjò dúró sí. Bó bá jẹ́ pé awọ àgùntàn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú garawa ni, ẹ kan òun náà. Àmọ́ bó bá jẹ́ orí igi ló wà nínú àgbá, tí awọ kọjú sókè, díẹ̀ ni kí ẹ fi sí i, torí pé ó ti nu inú àgbá tó gbóná tán.